Mo Gun Òkè Ọ̀kà Láti Wá Ilé

Ẹ̀yin ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ tí ẹ rí mi lọ́jọ́ tí mo gbé báàgì jáde nínú ọyẹ́, tí ẹ ń wí láàárín ara yín pé níbo ni aránṣọ yìí ń gbé orí lọ, mo ti dé. Ẹ ti ń bi mí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, oníbàárà á wọlé, ọ̀rọ̀ á gé sí méjì. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe rí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ràbíátù ni orúkọ mi. Aṣọ ni mo ń rán. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń kọ́ àwọn àgbà bí a ṣe ń ka ìwé Yorùbá. Ọkọ mi ti lọ sọ́run, àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ti wà nílé ọkọ. Ilé tí mo ń gbé, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, omi á wọlé, a ó gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù. Bí omi bá sì fà, àwọn sẹ́míjàn, ọlọ́kadà wa ẹlẹ́wù yẹ́lò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lójú fèrèsé mi láti ìdájí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: yàrá kan, ilẹ̀ díẹ̀ tí mo lè gbin ẹ̀pà sí, àti àárọ̀ tí n óò ti gbọ́ ohùn ẹyẹ kí n tó gbọ́ ti ènìyàn.

Àwọn ọmọ mi bi mí pé ṣé kò sí abúlé ní ilẹ̀ wa ni. Ó wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ibì kan sí ọ létí fún ọdún méjìlélógún, ibòmíràn kì í wọ̀ ọ́ lójú mọ́.

Ẹni tó ń sọ ọ́ sí mi létí ni Ìyá Àkókó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Láti òkè Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó ló ti wá, ní Nàìjíríà, ọ̀nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, ti kú kí èmi tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọmọ. Bí ọjà bá dákẹ́ lọ́sàn-án, á bẹ̀rẹ̀: "Ràbí, ní ulé wa, bí o bá jí láàárọ̀, ìkùukùu á ti wọ yàrá wá kí ọ." Ulé ló máa ń pe ilé. Ó sọ ti àpáta tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń pè ní Kápẹ́ńtà, ti igi gúáfà ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ti òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà. Màá máa wa ẹ̀rọ, màá máa rìn nínú ilé tí n kò rí rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, á ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Mo ń lọ ulé." Bó bá dé, á pín iṣu fún gbogbo wa.

Ó kú nígbà òjò, ọdún méjì sẹ́yìn. Àwa aládùúgbò la sin ín. Nọ́ńbà Nàìjíríà kan ṣoṣo ló wà nínú fóònù rẹ̀, "Àlájà Ìkàrẹ́." A pè é títí, kò wọlé. Lọ́dún tó kọjá ni mo tún gbìyànjú, obìnrin kan sì gbé e. Mo sọ fún un pé Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kú. Kò mọ Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo ní ẹni tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì.

"Áà! Ìyá Kútọnu!" Ó kígbe, ìlà sì já. Nígbà tó pè padà, ó ti ń sunkún. "Máa bọ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù."

Báyìí ni mo ṣe gbéra, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ nínú báàgì. Mo fẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù. N kò ní purọ́ fún yín, mo sì tún fẹ́ bi wọ́n bóyá yàrá wà.

ÌKÀRẸ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti bọ́ọ̀dà àti ti mọ́tò, kó bi awakọ̀. Ojú mi wà níta fèrèsé.

Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹní, n kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún yín. Ọyẹ́ ti bo ìdí wọn, orí wọn nìkan ló yọ sókè, dúdú, ràgàjì, bí ẹni pé wọn kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ní kí ẹni tó jókòó tì mí wò wọ́n. Ó wò mí dípò wọn. "Mama, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà," ó ní.

Ìkàrẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́. Ìlú ńlá ni. Ọ̀kadà ń sáré, jẹnẹrétọ̀ ń dún, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dá ara wọn lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín sínú: ariwo Kútọnu náà ni, wọ́n kàn fi òkè sí i lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà kọjá. Ó rí ìyá arúgbó kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó kí i kí ó tó máa lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró dè é. Ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè.

Níbi tí mo sì dúró sí, mo gbọ́ tí obìnrin kan pe ọmọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ ní ulé. Ulé! Omi bọ́ lójú mi láàárín ọjà. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti kú pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi, àṣé gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́.

Àlájà ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣu ni wọ́n ń kó láti oko àwọn ènìyàn wá tà. Wọ́n gbà mí bí ẹni tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n bá mi wá omi gbígbóná. Nígbà tí mo sọ pé "mẹ̀sí," bí àwa ṣe máa ń fi Faransé dúpẹ́, àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Mẹ̀sí.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ odó. Iyán ni. Mo rò pé àlejò ń bọ̀.

"Ìwọ ni àlejò," Àlájà ní. "Ṣé ẹ kì í jẹ iyán láàárọ̀ ní Kútọnu?"

"Búrẹ́dì la máa ń jẹ, Àlájà. Tàbí ẹ̀wà."

"Búrẹ́dì." Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. "Kí lẹ wá fi ń ṣiṣẹ́?"

Iyán náà funfun, ó ń fà, ó sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ju òkèlè láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nígbà tí a fọwọ́ tán ni mo béèrè pé báwo ni n óò ṣe rí àwọn ẹbí Ìyá Àkókó ní Ọ̀kà, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti gbọ́.

Àlájà kò tíì nu ọwọ́ tán. "Ẹbí wo ní Ọ̀kà?"

"Àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn tó máa ń wá wò lọ́dọọdún."

"Ìyá Kútọnu kò ní ẹbí kankan níhìn-ín. Ó ní ọmọ Kútọnu lòun. Ó ní ọkọ òun máa ń wá ta aṣọ ní Ìkàrẹ́ nígbà ayé rẹ̀, pé òun fẹ́ràn ìlú náà ni òun ṣe ń wá. Yàrá tí o sùn yẹn ló ń sùn sí. Ọ̀sẹ̀ méjì, á ra iṣu, á lọ."

A wo ara wa. Lọ́dọ̀ wa, ará Àkókó ni. Ní Àkókó, ará Kútọnu ni.

Àlájà ti àwo iyán sẹ́yìn. "Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni," wọ́n ní. "Ọdún kan, mo lọ sí Akùngbá lọ kí ọmọ ọmọ mi ní yunifásítì. Bí mo ṣe ń kọjá ní gáréèjì, mo rí Ìyá Kútọnu lórí àga onímọ́tò. Ọkọ̀ ń pe 'Ọ̀kà, Ọ̀kà!' Ó kún, ó lọ. Òmíràn dé, ó kún, ó lọ. Mo lọ kí ọmọ náà. Nígbà tí mo padà, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó dára jù, ó dì gèlè. Mo ní, 'Ìyá Kútọnu, kí lò ń ṣe níhìn-ín?' Ó ní òun ń gbatẹ́gùn."

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Mo gbà á gbọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbà pé ó ń gbatẹ́gùn."

ÒKÈ

Ọ̀nà Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá fi Akùngbá sílẹ̀. Ó ń yí, ó ń yí padà. Ọkọ̀ àjàgbé kan ń kérora níwájú wa, awakọ̀ wa ń pe Jésù, ẹnì kan lẹ́yìn ń pe Ọlọ́hun. Etí mi dí. Mo wo ẹ̀yìn, ayé ti lọ sísàlẹ̀: òrùlé, igi, ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ti di eruku funfun. Afẹ́fẹ́ tó wọlé tutù bí omi ìkòkò. Mo ń rò ó pé gáréèjì Akùngbá tí a ti wọkọ̀ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi máa ń dé, kò sì lè kọjá rẹ̀. Èmi tí wọn kò bí síbẹ̀ wá ń gun ún lọ láìsí ìdíwọ́ kankan.

Mo béèrè ilé Kápẹ́ńtà lọ́wọ́ bọ́kanáísà kan ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà.

"Èyí tó ṣe bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá ti kú o, ó ti pẹ́. Ọmọ wọn obìnrin ló wà níbẹ̀, Màmá Dáre." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn mú."

Bí mo ṣe yà kúrò ní títì, ariwo dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ilé náà yọ sí mi láti inú ọyẹ́. Mo dúró. Àpáta náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi gúáfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ti darúgbó, ó ti tẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, àárín rẹ̀ ti jin nítorí ẹsẹ̀. N kò dé ibẹ̀ rí, síbẹ̀ mo mọ ibi tí ìkòkò omi wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tààrà lọ bu omi mu.

Obìnrin kan jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo rí, lára ẹlòmíràn, tó gbẹ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú àbọ̀. Ta lẹ ń wá?"

"Ràbíátù ni orúkọ mi. Kútọnu ni mo ti wá. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n bí sí ilé yìí."

"Ẹnì kan wo?"

"Mọ́rẹ́nikẹ́."

Ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀. Ó bó o tán, ó jù ú sínú igbá, kó tó gbójú sókè. Kì í ṣe èmi ló wò. Ọ̀nà tí mo gbà wá ló ń wò, lẹ́yìn mi.

"Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni? Ṣé ojú ń tì í ló ṣe ní kẹ́ ẹ máa lọ síwájú?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti Ìkàrẹ́ fò lọ. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Màmá Dáre, kò bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ti di ọdún méjì."

Ó gbọ́ mi. Ó dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n máa lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Omi ló gbé jáde, nínú kọ́ọ̀bù, ó ti fi àwo dé e.

"Ẹ mu omi ná. A kì í fi àlejò sílẹ̀ láìfún un lómi. Tí ẹ bá mu ún tán, kẹ́ ẹ sọ fún mi, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Kò pẹ́."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ló dì mú."

Ó mi orí. Ó jókòó, ó tún gbé igbá ẹ̀gúsí, èmi náà sì fà sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó o. Báyìí la wà títí tí àwọn ará ilé fi dé.

OHUN TÍ WỌ́N Ń FẸ́ GBỌ́

Ìròyìn kì í gun ọ̀kadà ní Ọ̀kà, ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ilé kún. Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Nígbà tí àkókò ìrun mi tó, Dáre, àkọ́bí Màmá Dáre, tẹ́ ẹní fún mi sí yàrá, ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo rò pé wọ́n máa bi mí bó ṣe kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi mí. Bó ṣe wà láàyè ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Ṣé ó sanra? Ṣé ó ṣì máa ń fi ọwọ́ bo imú bó bá ń rẹ́rìn-ín? Kí ló ń jẹ ní ìlú òkun? Arúgbó kan tó bá a kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ọ̀pá rìn láti òkè kejì, kó lè bi mí bóyá ó ṣì ń kọrin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa ń kọ ọ́ sódì. Inú rẹ̀ dùn. "Òun ni! Òun ni yẹn!"

Mọ́kàndínlógún ni ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó kúrò nílé. Àwọn mọ̀ ọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógún, èmi mọ̀ ọ́n fún méjìlélógún. Bí a ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé a ń rán aṣọ kan, àwọn mú apá kan dání, èmi mú apá kejì.

Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni. Bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, èdè Ọ̀kà á yọ, á máa sáré, n kò ní lè bá a. Lójú oorun ọ̀sán, màá máa gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi láàárín wọn.

Àmọ́ Màmá Dáre kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó ń dáná, ó ń kí ènìyàn, ó ń bá adìyẹ jà. Ní ọjọ́ kẹrin ló bọ́ síwájú mi pẹ̀lú àdá àti bàtà rọ́bà.

"Ṣé lóòótọ́ ni o ní ìgbé oko lo ń wá kiri?" Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní "o."

"Lóòótọ́ ni."

"Dìde nígbà náà."

OKO

Oko rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lọ́nà Ikun. Ahéré kan wà níbẹ̀, ògiri amọ̀, òrùlé páànù. A lo ọjọ́ méje níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ìgbé oko fún yín, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu pé mo ti lọ sí Párádísè.

Odò jìnnà. Ìjàlọ jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ aránṣọ kò mọ ọkọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọ ebè mẹ́rin, ìka mi lé ròrò. Màmá Dáre wo ebè mi, ó ní adìyẹ kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ là mí létè. Ìrọ̀lẹ́ máa ń yára ṣú, kò sì sí nǹkan kan láti ṣe ju kí ènìyàn jókòó lọ.

Ṣùgbọ́n mo jókòó. Mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí: ewé igi kaṣú tó ń já, ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí páànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo rí i pé yàrá ti funfun. Ìkùukùu ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó dúró lórí ẹní mi, ó tutù sí mi lójú. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá mira, á lọ.

Láàárín ebè ni Màmá Dáre ti sọ ọ́. Kò dúró, ó ń kọ ebè, ó ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá wa ti fi Mọ́rẹ́nikẹ́ fún ọkùnrin kan. Àjàyí. Wọ́n ti gba nǹkan ìdána, ọjọ́ ti pé. Òun ní òun kò fẹ́, alágídí ni. Oníṣòwò aṣọ kan wà tó ń wá sí ọjà Ìkàrẹ́. Ó bá a lọ. Ojú ti bàbá wa tó fi jẹ́ pé kò jáde fún oṣù kan. Nígbà tó jáde, ó ní èmi ni n óò rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà."

Mo dá ọkọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ yọ sí mi lọ́kàn. "Mọ́rẹ́nikẹ́ gbọ́ pé wọ́n fi ọ́ rọ́pò òun," mo ní. "Ará Ọ̀kà kan pàdé rẹ̀ ní Kútọnu, kí n tó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, 'Ràbí, mo ṣẹ àbúrò mi. Wọ́n fi í jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi.' N kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Kò sì sọ ọ́ mọ́."

Màmá Dáre nàró. Mo rò pé yóò sunkún. Ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín tó ń dunni láti gbọ́.

"Ìyà kẹ̀? Àjàyí? Ràbíátù, Àjàyí kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí títí ó fi kú. Bí mo bá lóyún, òun ló ń pọn omi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rere ló fi sílẹ̀ fún mi, ó wá sá fún un, ó sì sá fún mi!" Ó ju ọkọ́ sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógójì. Bó bá jẹ́ pé ó gun òkè yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n bá gún iyán fún un, n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo sọ ti gáréèjì Akùngbá fún un. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo sọ ti aṣọ tó dára jù, ti gèlè, ti ọkọ̀ tó ń kún tó ń lọ. Ó jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a gòkè padà, ó pe àwọn ẹbí jọ láìbi mí. Yàrá kan wà ní ilé Kápẹ́ńtà tí bàbá wọn pín fún Mọ́rẹ́nikẹ́ kó tó kú, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Màmá Dáre ní kí wọ́n fún mi, kí n máa gbé ibẹ̀, kí n sì máa dá oko díẹ̀ lọ́nà Ikun.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé ní ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn, pé ará ilẹ̀ òkèèrè ni mí, ẹ̀sìn mi sì yàtọ̀. Ó sọ ọ́ lójú mi, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán.

"A kò lè fún un ní ilẹ̀ wa kó di tirẹ̀," wọ́n ní. "Ìyẹn kò ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó sin ọmọ wa, a kò lè pè é ní àlejò. Kó máa gbé yàrá náà títí tó bá wù ú."

Ohun tí mo wá rèé, ẹ̀yin ará mi. Ó wà lọ́wọ́ mi, n kò sì lè yọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo bi Màmá Dáre: "Tí o bá rí mi tí mo ń jáde láti yàrá yẹn láàárọ̀, ṣé kò ní dùn ọ́?"

"Yóò dùn mí," ó ní. "Yàrá òfìfo náà ń dùn mí."

KÚTỌNU

Èmi àti Màmá Dáre la jọ bọ̀. Ẹ ti rí i nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀ ń bi mí ta ni obìnrin tó ń fi ojú oko wo ìlú yìí. Òun ni. Kò gun mọ́tò kọjá Ọ̀wọ̀ rí láyé rẹ̀.

Nísinsìnyí òun ni àlejò. Ó tọ́ omi òkun wò, ó tu ú dànù, ó ní ta ló da iyọ̀ sí odò tó tóbi tó báyìí. Ó ní Kútọnu kò ní ibi tí ojú lè sinmi lé. Ó ń kí gbogbo ènìyàn ní títì, ó sì ń bínú pé wọn kò dúró dá a lóhùn. Ó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó wò mí, ó bi mí bóyá oúnjẹ ń bọ̀.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá n óò lọ: n óò lọ. Mo ti sọ fún onílé. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, n óò bá a padà, n óò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dání, nítorí àwọn ará Ọ̀kà ń wọ aṣọ, ọwọ́ mi kò sì lè kọ ebè púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá a lọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kó wá gba kọ́kọ́rọ́.

Lánàá ni mo mú un lọ sí itẹ́ òkú. Mo ti rò pé yóò ké. Ó bi mí pé èwo ni, mo sì fi hàn án. Ó tú ìró rẹ̀ so mọ́lẹ̀ dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko. Ó fà á láti orí dé ẹsẹ̀, ó fa ti ẹ̀gbẹ́, ó kó o jọ sí ibì kan bí wọ́n ṣe ń kó o lóko. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà náà ní èdè Ọ̀kà, wéréwéré, bí ẹni tó ń bá ènìyàn jiyàn. N kò gbọ́ ọ. N kò sì béèrè.

Nígbà tí ó ṣe tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu ilẹ̀ náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kó yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó tún bu òmíràn. Ó wá wò mí, èmi tí mo sin ín, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Yanrìn ni," ó ní. "Ràbíátù, yanrìn ni. Kò sí iṣu tó lè ta níbi tí ẹ̀gbọ́n mi sùn sí."

Ìgbà yẹn ló sunkún.